Ta Ló Tú Ìpín Kẹtàdínlógún Sílẹ̀?

Ìyá ìdáná kan ló kú. Daeng Bollo la ń pè é (Daeng la fi ń bọ̀wọ̀ fún àgbà níbí), ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta, ó ń se oúnjẹ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì ní ilé ìbùgbé wọn lẹ́bàá odò Tallo. Lọ́sàn-án Sátidé, ó tọ́ ẹja tó ń sè wò. Ojú rẹ̀ pọ́n, ara bẹ̀rẹ̀ sí í yún un, àyà rẹ̀ fún pinpin. Ikọ́ fée ti wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kí ọkọ̀ ilé ìwòsàn tó dé, ó ti dákẹ́. Ìkòkò ẹja ṣì wà lórí iná.

Ẹja cakalang ni. Ọ̀dọ̀ Bira Dingin ló ti wá, ilé-iṣẹ́ ẹja dídì tó wà létíkun Makassar níbí. Lọ́jọ́bọ̀ ṣáájú ọjọ́ náà, àyẹ̀wò ti fi hàn pé májèlé wà nínú ẹja yẹn, irú èyí tí ojú kì í rí, tí imú kì í gbọ́ òórùn rẹ̀. Wọ́n ti dá a dúró nínú ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń darí ẹja, kó má bàa jáde. Ìpín kẹtàdínlógún ni wọ́n pè é. Síbẹ̀, ẹnì kan tú u sílẹ̀.

Àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ dárúkọ ẹni náà kedere: Tompo. Ọjọ́ Jímọ̀, aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá.

Daeng Tompo ni alábòójútó àyẹ̀wò. Ọdún mẹ́tàlélógún ló ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, ẹnikẹ́ni ò sì gbọ́ ìwà pálapàla kankan nípa rẹ̀ rí. Àwọn ọlọ́pàá wá mú un lọ́jọ́ Ajé. Nígbà tó di Ìṣẹ́gun, ó fọwọ́ síwèé pé òun lòun ṣe é.

Lọ́jọ́bọ̀, Ibu Retnaningsih (Ibu la fi ń bọ̀wọ̀ fún obìnrin, Pak fún ọkùnrin), Retna ní kúkúrú, wọ ìlú láti Surabaya ní erékùṣù Java, níbi tí olú ilé-iṣẹ́ wà. Iṣẹ́ tirẹ̀ kì í ṣe ẹja, àṣẹ ni. Ibùdó ẹja mẹ́rin ni Bira Dingin ní, àkántì mẹ́rin sì ni wọ́n ní nínú ẹ̀rọ: Makassar, Parepare, Bone àti Kendari. Retna ló ń pinnu ẹni tó lè wò nìkan, ẹni tó lè kọ nǹkan, àti ẹni tó lè tú ẹja sílẹ̀ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Wọ́n ní kó wá wádìí, kó kọ ìjábọ̀, kó sì máa bọ̀ nílé. Ìjábọ̀ yẹn ni yóò pinnu bóyá Daeng Tompo á sùn ní ilé rẹ̀ tàbí lẹ́wọ̀n.

"Aago mẹ́wàá la fi ìpàdé sí," ló sọ bó ṣe wọlé. "Mo tètè dé."

Ramlah, akọ̀wé ibùdó náà, fi ojú júwe aago ara ògiri. "Mẹ́wàá ti kọjá, Ibu. Ẹ̀yin la ti ń retí. Aago Java ṣì lẹ so mọ́wọ́."

Retna rẹ́rìn-ín. Ó na ọwọ́ sí aago ọwọ́ rẹ̀ láti yí i síwájú, ni fóònù rẹ̀ bá dún. Pak Wiryawan ni, ọ̀gá rẹ̀ ní Surabaya.

"Ṣé o ti débẹ̀? Má fi falẹ̀ o. Ọkùnrin yẹn ti jẹ́wọ́. Kọ ọ́, fi ránṣẹ́, kí n fọwọ́ sí i, ó parí."

Nígbà tí ọ̀gá fi máa sọ̀rọ̀ tán, Retna ti gbàgbé aago.

Ní yàrá Daeng Tompo, ọ̀dọ́bìnrin kan ló jókòó sórí àga rẹ̀, ojú rẹ̀ wú bí ti ẹni tó ti ń sunkún. Hasnawiah ni, Wiah ni gbogbo wọn ń pè é. Òun ni alábòójútó àyẹ̀wò ní Parepare. Daeng Tompo ló kọ́ ọ níṣẹ́. Ó ti wọ ìlú látọjọ́ tí wọ́n ti mú un, àárọ̀ yẹn ló sì bẹ̀rẹ̀ sí í di ààyè rẹ̀ mú. Ó dojú fóònù rẹ̀ délẹ̀ lórí tábìlì. Àwòrán ọkọ̀ ẹja aláwọ̀ búlúù kan wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Ọkọ̀ ta nìyẹn?" Retna bi í.

"Ti bàbá mi, Ibu. *Dua Saudari*. Èmi àti àbúrò mi obìnrin ló fi sọ ọ́. Ọkọ mi náà ń bá wọn lọ sójú òkun."

"O ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́?"

"Mo ti dá ìpín mẹ́ta dúró láàárọ̀ yìí. Yìnyín wọn ò tó."

"O yára o."

Retna rántí pé ìbéèrè kan wà nínú fóònù òun látàná, pé kóun fi Hasnawiah kún àkántì Makassar. Kò tíì fọwọ́ kàn án. Ó ní òun á ṣe é tóun bá jókòó.

Ó kọ́kọ́ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Wọ́n mú Daeng Tompo jáde wá bá a, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó de fìlà dúdú, tó ń rìn bíi pé ilẹ̀ ń yọ̀.

"Daeng, ṣé ẹ̀yin lẹ tú u sílẹ̀?"

"Àkọsílẹ̀ ní èmi ni."

"Mi ò bi àkọsílẹ̀. Ẹ̀yin ni mò ń bi."

"Ibu, ọdún mẹ́tàlélógún ni mo fi ń sọ fáwọn ọmọ pé ohun tí ẹ̀rọ bá sọ la máa gbà. Ojú ẹja lè máa dán o. Tí ẹ̀rọ bá ti ní májèlé wà níbẹ̀, a ò ní í jẹ ẹ́. Ṣé torí pé ó kàn mí báyìí ni mo ṣe máa ní ẹ̀rọ ń purọ́?"

"Níbo lẹ wà ní aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá?"

"Lórí àga mi, èmi nìkan. Ìpín kejìdínlógún ni mò ń kọ sílẹ̀. Ó ní láti jẹ́ pé ọwọ́ mi ló ṣì." Ó wo ọwọ́ náà. "Mo ti rò ó títí. Mi ò rántí. Ojú mi ò ríran dáadáa mọ́, ẹ mọ̀."

"Ta lẹ fún ní ọ̀rọ̀ àṣírí yín?"

"Ìyàwó mi pàápàá ò mọ̀ ọ́n."

"Kí ló wá dé tẹ́ ẹ fi fọwọ́ síwèé?"

"Ẹ̀gbọ́n Daeng Bollo wá síbí. Ó jókòó síbi tẹ́ ẹ jókòó sí yẹn. Kò bú mi, Ibu. Ó kàn ń wò mí ni. Ojú tì mí débi pé mi ò lè jiyàn mọ́."

Àánú rẹ̀ ṣe Retna gan-an. Ṣùgbọ́n àánú kì í ṣe ẹ̀rí.

Yàtọ̀ sí Daeng Tompo, ẹnì kan ṣoṣo ló tún láṣẹ láti tú ẹja sílẹ̀ ní Makassar: Pak Lumowa, ọ̀gá ibùdó, ọmọ Manado tó sanra, tí ohùn rẹ̀ ń mi fèrèsé.

"Ramlah ní ẹ wọ yàrá Daeng Tompo láàárọ̀ Jímọ̀ yẹn," Retna wí.

"Mo wọ̀ ọ́. Mo ní kó tún ẹja yẹn yẹ̀ wò. Ó ní ó di ìgbà tí òkun bá gbẹ. Mo jáde, mo kanlẹ̀kùn mọ́ ọn. Bá a ṣe máa ń bára wa ṣe nìyẹn."

"Ẹ fẹ́ kí ẹja náà jáde."

"Ta ni ò fẹ́? Ṣùgbọ́n èmi náà láṣẹ, Ibu! Tí mo bá fẹ́ tú ẹja sílẹ̀, orúkọ mi ni mo máa fi tú u. Kí ni mo fẹ́ fi tàgbàlagbà ṣe?"

Èsì yẹn le díẹ̀, ṣùgbọ́n òye wà nínú rẹ̀. Retna bọ́ sí ẹnu ọ̀nà àbájáde, níbi tí ẹ̀ṣọ́ ti máa ń fọwọ́ kọ ìgbà tí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan bá jáde sínú ìwé ńlá kan tí òróró ti yí. Ọkọ̀ tó gbé ìpín kẹtàdínlógún jáde ní aago méjìlá kọjá ogójì ìṣẹ́jú.

"Báwo ló ṣe máa ń pẹ́ tó kẹ́ ẹ tó kó ẹja sọ́kọ̀?" ó bi awakọ̀.

"Gbàrà tí ìwé ìtúsílẹ̀ bá ti jáde la ti ń kó o. Ogún ìṣẹ́jú. Ta ló máa gbé ẹja sínú oòrùn Makassar kó máa wò ó?"

Láti mọ́kànlá kọjá mẹ́rìnlá sí méjìlá kọjá ogójì. Níbo ni ẹja náà wà ní gbogbo ìgbà yẹn? Retna kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀, ó fa ìlà sí i lábẹ́. Kò rí ojútùú rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Lọ́jọ́ kejì, tó jẹ́ Jímọ̀, ó jókòó sí tábìlì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ramlah. Lójijì, àga bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Àwọn ọkùnrin ń jáde lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ti ṣe àlùwàlá, sálúbàtà wọn ń pariwo lórí ilẹ̀. Bí ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣe ń kọjá, ó ń fi fóònù rẹ̀ sílẹ̀ fún Ramlah, òun náà sì ń kó wọn sínú dúrọ́ọ̀.

Retna wo aago ọwọ́ rẹ̀. Mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún.

"Níbo ni gbogbo wọn ń lọ?"

"Ìrun Jímọ̀ nù un, Ibu."

"Láago mọ́kànlá?"

Ramlah bú sẹ́rìn-ín. "Aago Java yín tún ti dé! Méjìlá ti kọjá níbí. Bẹ́ ẹ bá ṣe báyìí lọ sí pápá ọkọ̀ òfuurufú, wọ́n á fi yín sílẹ̀ o."

Retna ò rẹ́rìn-ín. Ó tún wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ta ló tẹ àkọsílẹ̀ tí wọ́n kó fún ọlọ́pàá jáde? Òun ni. Níbo ló ti tẹ̀ ẹ́? Surabaya. Aago Surabaya ló wà lára rẹ̀, tiwa níbí sì fi wákàtí kan ṣáájú. Daeng Tompo gbọ́ mọ́kànlá, ó ka mọ́kànlá tirẹ̀, ó rí ara rẹ̀ lórí àga, ó sì gbà pé òun jẹ̀bi. Méjìlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá ni wọ́n tú ẹja náà sílẹ̀. Àwọn tí kì í kírun wà nídìí ọkọ̀, ogún ìṣẹ́jú láti kó o, ọkọ̀ jáde. Ìyẹn báramu.

"Ramlah, ní méjìlá kọjá mẹ́rìnlá, lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá, níbo ni Daeng Tompo wà?"

"Níbo ló tún máa wà? Sáàfù kìíní, ẹ̀yìn lẹ́mọ́mù. Gbogbo mọ́sálásí ló rí i."

"Fóònù rẹ̀ ńkọ́?"

Ẹ̀rín kúrò lójú Ramlah. Ó wo dúrọ́ọ̀ náà. "Ọ̀dọ̀ mi ni. Ibu, mi ò fọwọ́ kàn án o! Bí wọ́n ṣe ń kó o tì mí náà ni mo ṣe ń dá a padà. Mo fi Ọlọ́run búra!"

"Farabalẹ̀. Jẹ́ kí n wo nǹkan kan."

Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ wọlé lórúkọ Daeng Tompo, ẹ̀rọ á kọ́kọ́ fi nọ́ńbà kan ránṣẹ́ sí fóònù rẹ̀. Retna ṣí àkọsílẹ̀ àwọn nọ́ńbà náà. Lọ́jọ́ Jímọ̀ yẹn, ẹ̀rọ fi ọ̀kan ránṣẹ́ láàárọ̀ nígbà tó dé ibi iṣẹ́, ó sì fi ìkejì ránṣẹ́ lẹ́yìn ìrun. Láàárín méjèèjì, kò fi nǹkan kan ránṣẹ́. Ẹ̀rọ náà sì máa ń ti ara rẹ̀ pa tí èèyàn bá ti kúrò nídìí rẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún.

"Ìwọ kọ́," ó sọ fún Ramlah, ìyẹn sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

A jẹ́ pé ẹnikẹ́ni ò wọlé bíi Daeng Tompo. Síbẹ̀ orúkọ rẹ̀ ló jáde. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni ìyẹn fi lè ṣeé ṣe, Retna sì mọ̀ ọ́n ju ẹnikẹ́ni lọ.

Nígbà ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀, gbogbo orílẹ̀-èdè yìí ló máa ń re ilé. Iṣẹ́ ò sì lè dúró. Torí náà, kálukú máa ń yá ẹlòmíì ní àṣẹ rẹ̀ kó tó lọ, kí onítọ̀hún máa bá a ṣe é títí yóò fi dé. Ohunkóhun tí adúrófún bá sì ṣe, orúkọ ẹni tó ni àṣẹ ni ẹ̀rọ máa kọ sílẹ̀. Ìwà òmùgọ̀ gbáà ni ẹ̀rọ yẹn ń hù, àwa tá a ń lò ó níbí sì ti sọ ọ́ fún wọn.

Retna ṣí ojú ìwé àwọn adúrófún. Mẹ́tàlélógójì ni wọ́n ṣì wà níbẹ̀, oṣù mẹ́rin lẹ́yìn ọdún. Ó rántí ọ̀sán ọjọ́ tó fọwọ́ sí wọn. Báàgì ti kún gbogbo ọ́fíìsì, ọkọ̀ ojú irin rẹ̀ fẹ́ lọ. Pak Wiryawan yọ orí wọlé, ó ní, "Má fi ọjọ́ ìparí sí i. Àwọn kan á pẹ́ lọ́nà. A ó yọ wọ́n tí gbogbo èèyàn bá dé." Ó tẹ bọ́tìnì nígbà mẹ́tàlélógójì láìka nǹkan kan. Gbogbo èèyàn dé. Kò yọ ìkankan.

Orúkọ wà nílà kọkànlélógójì. Tompo, Makassar. Adúrófún: Hasnawiah, Parepare. Ọjọ́ ìparí: òfìfo. Ẹni tó fọwọ́ sí i: Retnaningsih.

Ó ṣí ìwé ìpín kẹtàdínlógún fúnra rẹ̀, ó wá ibi tí wọ́n kọ ọkọ̀ tó pa ẹja náà sí. *Dua Saudari*. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ẹja ọkọ̀ yẹn ti kùnà àyẹ̀wò lọ́dún yìí. Ẹ̀ẹ̀kẹta, Bira Dingin ò ní í gba ẹja lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́.

Inú bí i, sí ara rẹ̀ jù lọ. Kó tó ṣe ohunkóhun mìíràn, ó yọ gbogbo mẹ́tàlélógójì náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Tirẹ̀ ló gbẹ̀yìn, àṣẹ láti dúró fún Pak Wiryawan fúnra rẹ̀. Ó yọ ìyẹn náà.

Lẹ́yìn náà ló wọ yàrá Daeng Tompo. Wiah gbójú sókè.

"Ibu, ẹ̀rọ ò jẹ́ kí n wọ Makassar mọ́."

"Mo mọ̀." Retna fa àga kan. "Mi ò tíì fún ẹ láṣẹ kankan níbí, Wiah. Ìbéèrè rẹ ṣì wà nínú fóònù mi. Láti àná lo sì ti ń dá ìpín dúró. Àṣẹ ta lo fi ń ṣe é?"

Wiah pa kọ̀ǹpútà iwájú rẹ̀ dé. Ó dojú bolẹ̀ lórí tábìlì náà.

"Mo pe Daeng lọ́jọ́bọ̀ yẹn," ó sọ nígbà tó yá. "Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó tún un yẹ̀ wò. Ó ní ẹ̀rọ ti sọ̀rọ̀. Ibu, tí wọ́n bá yọ ọkọ̀ bàbá mi, èèyàn mọ́kànlá ló máa jókòó sílé, ọkọ mi wà níbẹ̀. Mo wo àwòrán ẹja náà. Ojú ẹ̀ ń dán! Láti kékeré ni mo ti ń yẹ ẹja wò. Mo rò pé mo mọ̀ ju ẹ̀rọ lọ."

"Kí ló dé tó fi jẹ́ àsìkò ìrun?"

"Mo mọ̀ pé kò ní í sí nídìí ẹ̀rọ. Tó bá wà níbẹ̀, á rí i, á tún dá a dúró. Mo jókòó sí Parepare, mo tẹ̀ ẹ́."

"O sì mọ̀ pé orúkọ rẹ̀ ló máa jáde."

"Mo mọ̀." "Mo rò pé kò sẹ́ni tó máa wò ó. Wọ́n á jẹ ẹja, ó parí. Nígbà tí wọ́n mú un, mo ń gbé oúnjẹ lọ fún ìyàwó ẹ̀ lójoojúmọ́. Ojoojúmọ́ ni mo fẹ́ sọ ọ́ níbẹ̀. Ẹnu mi ò gbà á. Ẹ mú mi lọ, Ibu. Mo ti ṣetán."

Wọ́n jọ lọ sí àgọ́. Rusdi, ọlọ́pàá tó ń bójú tó ọ̀ràn náà, gbọ́ gbogbo rẹ̀ láìdá sí i. Lẹ́yìn náà ló pa fáìlì rẹ̀ dé.

"Ẹ jọ̀ọ́, Ibu. Mo ní àkọsílẹ̀ tí òǹtẹ̀ yín wà lára ẹ̀. Mo ní ìwé tí Daeng fọwọ́ sí. Ẹ wá mú ẹlòmíì wá pé òun ni. Ṣé èèyàn méjì ló jọ tẹ bọ́tìnì kan? Ẹ mú ìwé míì wá láti Surabaya, kí òǹtẹ̀ wà lára ẹ̀, kó sọ pé aago yẹn kì í ṣe tiwa. Ajé ni wọ́n ń gbé e lọ sí kóòtù."

"Ọmọ yìí ńkọ́? Ó ti jẹ́wọ́ fún yín."

"Kó máa lọ sílé ná."

Wiah ò lọ sílé. Ó jókòó sí ìkángun bẹ́ǹṣì tó wà níta.

Retna wọlé lọ bá Daeng Tompo, ó sọ ọ́ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ọkùnrin náà gbọ́ ọ láìmira.

"Kì í ṣe èmi?"

"Ẹ̀yin kọ́, Daeng."

"Ọjọ́ márùn-ún ni mo fi ń bẹ Ọlọ́run pé kó dárí jì mí." Ó bọ́ fìlà rẹ̀, ó tún un dé. "Wiah. Ọmọ yẹn... Ta ló yẹ kó gba àṣẹ náà padà nígbà tí mo dé láti ìrìn ọdún?"

"Èmi ni."

Ó mi orí, bó ṣe máa ń mi orí tí èsì àyẹ̀wò bá jáde. "Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, Ibu."

Orí bẹ́ǹṣì ìta yẹn ni Retna ti kọ ìjábọ̀ náà. Ó kọ aago, ó kọ Wiah, ó kọ mẹ́tàlélógójì, ó kọ orúkọ ara rẹ̀ àti ohun tí ọ̀gá rẹ̀ sọ ní ọ̀sán ọjọ́ náà. Ó fi ránṣẹ́. Ìjábọ̀ kì í ní òǹtẹ̀ títí Pak Wiryawan yóò fi tẹ bọ́tìnì tirẹ̀. Kò pẹ́ tí fóònù fi dún.

"Retna, kí ni ìpínrọ̀ kẹta yìí?"

"Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyẹn, Pak."

"Yọ ọ́. Kọ pé Tompo ló fún ọmọbìnrin yẹn ní ọ̀rọ̀ àṣírí ẹ̀. Mo máa tẹ̀ ẹ́ lójú ẹsẹ̀."

"Tí mo bá kọ bẹ́ẹ̀, wọn ò ní í tú u sílẹ̀. Wọ́n á ní òun ló ṣílẹ̀kùn."

"Ìyẹn kù sọ́wọ́ ọlọ́pàá."

"Kò fún un ní nǹkan kan, Pak. Àwa la fún un."

Ó gbọ́ bí ọ̀gá ṣe mí kanlẹ̀. "Ó dáa. A jẹ́ pé á dúró kí n ráyè kà á dáadáa. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀."

"Ajé ni kóòtù, Pak!"

Ó ti pa fóònù.

Retna ṣí ìjábọ̀ náà padà. Títí di ọ̀sán yìí, ó lè wọlé dúró fún Pak Wiryawan, kó tẹ̀ ẹ́, kí orúkọ ọ̀gá jáde lára rẹ̀, kí Daeng Tompo máa lọ sílé. Ohun tí Wiah ṣe gan-an nìyẹn. Kò mọ̀ bóyá òun ì bá ṣe é. Kò sì ní í mọ̀ láéláé, torí ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi yọ àṣẹ yẹn ní nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta sẹ́yìn. Ó fẹ́ tẹ ìjábọ̀ náà sórí pépà, ẹ̀rọ ò gbà fún un. Ọ̀gá ti tì í pa.

Daeng Kanang, ìyàwó Daeng Tompo, jáde láti inú àgọ́ pẹ̀lú abọ́ buras, ìrẹsì tí wọ́n fi ewé wé, tí ọkọ rẹ̀ ò jẹ tán. Ó rí Wiah ní ìkángun bẹ́ǹṣì, ó kí i tayọ̀tayọ̀, nítorí kò sẹ́ni tó tíì sọ fún un. Wiah yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ibu, wọ́n ní ẹ ti mọ ẹni tó ṣe é. Ṣé kí n dúró dè é, àbí kí n sáré lọ gbé aṣọ tó mọ́ wá fún un?"

Retna sún mọ́ ọn. Ó yí ojú kọ̀ǹpútà náà sí i. Daeng Kanang gbé abọ́ kalẹ̀, ó kà á jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ètè rẹ̀ ń mì. Nígbà tó dé ibi tí orúkọ Wiah wà, ó dúró pẹ́. Kò wo ìkángun bẹ́ǹṣì. Ó kà á dópin.

"Ṣé òótọ́ ni gbogbo èyí?"

"Òótọ́ ni."

"Kí ló wá kù?"

"Òǹtẹ̀ ọ̀gá mi nìkan." Retna fi ìka kan ibi tí bọ́tìnì máa ń wà. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ fún un mọ́. Ohun tí ẹ̀rọ kọ síbẹ̀ ni pé ó lè wò ó nìkan. Ní mọ́sálásí ẹ̀yìn àgọ́, ladani bẹ̀rẹ̀ sí í pe ìrun àlàásárì, Daeng Kanang sì jókòó tì í lórí bẹ́ǹṣì náà láti máa dúró.